Ta Ló Bá Wọn Wádìí Ọkọ?

Ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa kan, bọ̀dá kan tó wà ní ìpele kẹrin fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú gbogbo ènìyàn. Ó bi mí pé kí ni mò ń kà lórí fóònù tí etí mi fi di sí ohun tí wọ́n ń sọ. Mo ní Jane Eyre ni. Bọ̀dá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀yin obìnrin yìí! Ìwé ìfẹ́ òyìnbó ló ń bà yín jẹ́. Ẹ ó kà á tán, ẹ ó wá máa retí ọkùnrin gíga tó ní ẹṣin, tó ní ilé bí ààfin. Àwa tí à ń mu gàrí níbí ńkọ́?" Gbogbo ilé hó yèè. Èmi náà rẹ́rìn-ín, torí gàrí ni mo mu lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo padà sí họ́sítẹ́ẹ̀lì, ọ̀rọ̀ náà kò tán nínú mi. Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìtàn ni mí. Wọ́n ti kọ́ wa ní kíláàsì pé kí a má ka ìwé kan láìbéèrè ọdún tí wọ́n kọ ọ́, òfin tó wà lóde nígbà náà, àti owó ẹni tí wọ́n ń ná. Mo wá fi ojú yẹn padà ka Pride and Prejudice ti Jane Austen, tó jáde ní 1813, àti Jane Eyre ti Charlotte Brontë, tó jáde ní 1847. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Àwọn ìwé yìí kì í ṣe ìwé tó ń kọ́ ọmọbìnrin láti máa retí olówó. Ìwé ìwádìí ni wọ́n. Iṣẹ́ tí alárinà máa ń ṣe nílẹ̀ wa láyé ọjọ́un ni wọ́n ń ṣe fún ọmọbìnrin tí kò ní alárinà.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi ká mi lára. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wọ ilé ọkọ lẹ́yìn oṣù márùn-ún tí òun àti ọkùnrin náà pàdé. Ẹnu ọkùnrin náà dùn bí oyin. Lọ́jọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀, àwọn àǹtí wa ń pàtẹ́wọ́. Ẹnikẹ́ni kò lọ sí àdúgbò rẹ̀ lọ béèrè ohunkóhun. Mọ́tò rẹ̀ ni gbogbo wa ń wò. Kí ọdún méjì tó pé, káàdì tí ẹ̀gbọ́n mi fi ń gba owó oṣù rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ ọkọ, ó sì ń tọrọ owó ọkọ̀ nínú owó tó fi òógùn ara rẹ̀ ṣe. Ọjọ́ Àìkú kan ló padà wálé, ọmọ lẹ́yìn, báàgì kan lọ́wọ́. Èmi ni mo ṣílẹ̀kùn fún un. Lásìkò yẹn gan-an ni mò ń ka Jane Eyre nígbà àkọ́kọ́. Mo ti dé ibi tí Jane ti jí ní àfẹ̀mọ́jú, tó di ẹrù díẹ̀, tó sì jáde nílé ẹni tó fẹ́ràn. Mo pa fóònù. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mi ò fi lè kà á mọ́.

Iṣẹ́ alárinà

Àwa ọmọ ìsinsìnyí rò pé ẹni tó ń gbé lẹ́tà ìfẹ́ kiri lásán ni alárinà. Rárá o. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ìyàwó bá délẹ̀, ẹbí á ní kí ẹnì kan lọ wo ìdílé tí wọ́n fẹ́ fọmọ fún. Ṣé wọn kì í jalè? Ṣé wọn kì í jẹ gbèsè? Ṣé àrùn kan kò sí nínú ẹ̀jẹ̀ wọn? Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe sí àwọn ìyàwó tó ti wà nílé? Wọn kì í bi ọkùnrin náà fúnra rẹ̀, torí kò sí ẹni tí yóò pe ara rẹ̀ ní olè. Aládùúgbò ni wọ́n ń bi. Mi ò sọ pé gbogbo ìgbéyàwó ayé ọjọ́un ló dára o. Ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ni wọn kò bi léèrè ohun tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ ohun kan tí àwa ti ń gbàgbé: ẹ̀fín nìwà. Bí ẹni tó dáná bá gbé ìkòkò pamọ́ fún àlejò, ẹni tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé á ti rí ẹ̀fín.

Òfin tó wà lóde

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lásìkò tí wọ́n kọ àwọn ìwé yìí, bí obìnrin bá ti lọ́kọ, lójú òfin, kò dá dúró mọ́. Amòfin kan tó ń jẹ́ William Blackstone kọ ìwé ńlá lórí òfin ilẹ̀ náà, apá kìíní rẹ̀ jáde ní 1765. Ó là á kalẹ̀ níbẹ̀ pé ọkọ àti aya ti di ẹnì kan ṣoṣo lábẹ́ òfin. Ẹnì kan wo nínú àwọn méjèèjì? Ọkọ ni. Owó tó wà lọ́wọ́ ìyàwó di ti ọkọ. Bí ìyàwó bá ń ṣiṣẹ́, owó iṣẹ́ náà di ti ọkọ. Bó bá ní ilẹ̀, ọkọ ni yóò máa ṣàkóso rẹ̀. Kò lè dá pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Àwọn ọmọ tó bí, ọkọ ló ni wọ́n. Àwọn olówó máa ń dọ́gbọ́n sí i: kí ìgbéyàwó tó wáyé, wọ́n á gba lọ́yà kó kọ ìwé àdéhùn, wọ́n á sì fi owó ọmọ wọn sí ìkáwọ́ alágbàtọ́ kí ọkọ má baà fọwọ́ kàn án. Ẹni tí kò lówó lọ́yà ńkọ́? Kó máa gbàdúrà.

Ìkọ̀sílẹ̀ ńkọ́? Kí 1857 tó dé, ẹni tó bá fẹ́ já ìgbéyàwó pátápátá kó sì lè fẹ́ ẹlòmíràn, àfi kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe òfin kan tìtorí òun nìkan. Owó gọbọi ló ń ná ni. Títí di ọdún náà, obìnrin mẹ́rin péré ló rí i gbà. Òfin 1857 wá gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí kóòtù, ṣùgbọ́n kò ṣe é lọ́gbọọgba: ọkọ lè kọ aya nítorí àgbèrè nìkan, aya sì gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí àgbèrè hàn, kó tún fi ẹ̀rí ìwà ìkà tàbí ìpatì kún un. 1923 ni wọ́n tó mú un dọ́gba. Ní ti owó, òfin 1870 ló kọ́kọ́ jẹ́ kí ìyàwó ní owó tó fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ pa, ti 1882 ló wá jẹ́ kó ní gbogbo ohun ìní rẹ̀. Ní 1882, Jane Austen ti wà nínú sàréè fún ọdún 65, Charlotte Brontë fún ọdún 27.

Kí ẹ má baà rò pé orí ìwé lásán ni òfin náà wà, ẹ gbọ́ ti Caroline Norton. Òǹkọ̀wé tó lórúkọ ni. Ó fẹ́ George Norton ní 1827, ó bí ọmọkùnrin mẹ́ta fún un. Ọkùnrin náà ń lù ú. Ní 1836, ó kó àwọn ọmọ lọ, ó sì pe olórí ìjọba ìgbà náà, Lord Melbourne, lẹ́jọ́ pé ó ń bá ìyàwó òun ṣe àgbèrè. Àwọn adájọ́ ìlú dá Melbourne láre. Síbẹ̀ Caroline kò rí ọmọ gbà, torí òfin kò mọ̀ ọ́n. Ó fi gègé ìkọ̀wé jà, títí wọ́n fi ṣe òfin kan ní 1839 tó jẹ́ kí ìyá lè lọ bẹ kóòtù fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún méje. Ní 1842, àbíkẹ́yìn rẹ̀ ṣubú lórí ẹṣin. Kí ìyá tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ọmọ ti kú.

Ẹ fi wé ọ̀dọ̀ wa. Nílẹ̀ Yorùbá, owó tí obìnrin bá rí nínú òwò rẹ̀, tirẹ̀ ni, ọkọ kò ní in. Nígbà tí òfin ìgbéyàwó ti òyìnbó wọ Èkó ní 1884, àwọn ìdílé ọ̀mọ̀wé ibẹ̀ tó gbà á rí àǹfààní nínú rẹ̀: ìyàwó kan ṣoṣo, àti pé ìyàwó lè jogún ọkọ. Ṣùgbọ́n ó bá àṣà mìíràn wá, pé ìyàwó ọ̀mọ̀wé kì í tajà, ilé ló yẹ kó jókòó sí. Àwọn kan nínú wọn ló wá rí i nígbẹ̀yìn pé ẹni tó jókòó sílé láìní òwò, ẹnu ọkọ ló ń wò.

Nítorí náà, nígbà tí ọmọbìnrin inú ìwé Austen bá ń béèrè irú ẹni tí ọkùnrin kan jẹ́, ẹ má pè é ní eré ìfẹ́. Ẹnu ọ̀nà kan ló dúró sí, bó bá wọlé, ilẹ̀kùn á tì mọ́ ọn. Ìwà ọkọ nìkan ni òfin tí yóò kù fún un nínú ilé yẹn.

Obìnrin tó gbà lálẹ́, tó kọ̀ láàárọ̀

Wọ́n bí Jane Austen ní oṣù kejìlá 1775 ní abúlé Steventon ní Hampshire. Àlùfáà ni bàbá rẹ̀, òṣì kò sí nílé wọn, owó náà kò sì pọ̀. Ní ọjọ́ kejì oṣù kejìlá 1802, ó wà lálejò nílé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Manydown. Àbúrò àwọn ọ̀rẹ́ náà, Harris Bigg-Wither, ọmọ ọdún 21, tó máa jogún ilé àti ilẹ̀ ńlá náà, ní òun fẹ́ fi Jane ṣaya. Jane ku ọ̀sẹ̀ méjì kó pé ọmọ ọdún 27. Ó gbà. Inú gbogbo ilé dùn. Ilẹ̀ mọ́, ó ní òun kò ṣe mọ́, ó sì kúrò nílé náà.

Ẹ rò ó wò ná. Ká ní ó gbà ni, òun, ìyá rẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Cassandra ti rí ibi forí pamọ́ sí. Bàbá wọn kú ní 1805, àwọn obìnrin mẹ́ta náà wá ń gbára lé àwọn ọkùnrin ilé, wọ́n ń kó láti ilé kan sí òmíràn títí di 1809, nígbà tí Edward, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, fún wọn ní ilé kan ní Chawton. Ibẹ̀ ni Jane ti tún àwọn ìwé rẹ̀ kọ. 1796 ló ti bẹ̀rẹ̀ èyí tó wá di Pride and Prejudice. Orúkọ tó kọ́kọ́ ń jẹ́ ni First Impressions, ìyẹn ohun tí ojú kọ́kọ́ rí. Ó ta ẹ̀tọ́ ìwé náà pátápátá fún atẹ̀wétà ní £110, kò sì sí orúkọ rẹ̀ lára ìwé. Kò lọ́kọ títí ó fi kú ní 1817.

Nínú ìwé náà, ọmọbìnrin kan wà tó ń jẹ́ Charlotte Lucas. Ọmọ ọdún 27 ni. Ó fẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Collins, àlùfáà aláwàdà tí kò mọ̀ pé òun ń ṣàwàdà, torí pé ó nílé. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, mo bú Charlotte dáadáa. Nígbà tí mo wá mọ̀ nípa òru ọjọ́ yẹn ní Manydown, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó kọ ìwé náà mọ iye tí "mi ò ṣe" ń náni.

Màmá Reynolds

Elizabeth Bennet, ọmọbìnrin tó ni ìtàn náà, kì í ṣe òmùgọ̀. Síbẹ̀ Wickham mú un. Ọmọkùnrin arẹwà nínú aṣọ ológun, ẹnu dídùn, ó sì ní ìtàn ìbànújẹ́ kan: pé Darcy, olówó agbéraga yẹn, fi ẹ̀tọ́ òun du òun. Elizabeth gbà á gbọ́ lójú ẹsẹ̀, torí Darcy ti kọ́kọ́ fojú di í níbi ijó. Darcy fúnra rẹ̀ wá sọ pé òun fẹ́ fẹ́ ẹ, ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń ṣe é lóore. Elizabeth lé e dànù. Lọ́jọ́ kejì, Darcy fi lẹ́tà kan lé e lọ́wọ́.

Ibí yìí ni mo ti rí iṣẹ́ ìwádìí. Àlàyé àti iye owó ló wà nínú lẹ́tà náà: £1,000 tí bàbá Darcy fi sílẹ̀ fún Wickham, £3,000 tí Wickham tún gbà dípò ipò àlùfáà tí wọ́n ṣèlérí fún un, bó ṣe ná gbogbo rẹ̀ tán, àti bó ṣe fẹ́ gbé àbúrò Darcy, ọmọ ọdún 15, sá lọ nítorí £30,000 tó ní. Elizabeth kà á, ó tún un kà. Ó bi ara rẹ̀ pé: ta ni mo mọ̀ tó mọ Wickham kó tó dé ìlú wa? Kò sí. Oore wo ni mo ti rí kó ṣe fún ẹnikẹ́ni? Kò rántí ẹyọ kan. Kí ló dé tó fi ń tú àṣírí bẹ́ẹ̀ fún èmi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ mọra? Ìbéèrè alárinà ni gbogbo wọn. Òun fúnra rẹ̀ ló bi ara rẹ̀, torí bàbá rẹ̀ wà nínú yàrá ìwé, ìyá rẹ̀ sì ń ka iye tó ń wọlé fún àwọn ọkùnrin lọ́dún.

Lẹ́yìn náà, ìrìn àjò gbé e dé Pemberley, ilé Darcy, nígbà tó rò pé baálé kò sí nílé. Màmá Reynolds, ìyá àgbà tó ń ṣàkóso ilé náà, ló mú wọn yí ká. Ó sọ fún wọn pé òun ti mọ Darcy láti ọmọ ọdún mẹ́rin, kò sì sọ̀rọ̀ burúkú sí òun rí. Ó ní kò sí òṣìṣẹ́ tàbí ayálégbé rẹ̀ kan tí kò ní yìn ín. Látibẹ̀ ni ọkàn Elizabeth ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí.

Mo mọ ohun tí bọ̀dá wa máa sọ: ilé ńlá yẹn ló yí i lọ́kàn. Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà síbi òfin. Nínú ilé yẹn, ta ló sún mọ́ ipò tí ìyàwó yóò wà? Ìránṣẹ́ ni. Ìránṣẹ́ wà lábẹ́ ọkùnrin kan tó lówó, tó lágbára, tí ẹnikẹ́ni kò lè yẹ̀ lọ́wọ́ wò. Bí ọkùnrin náà bá ń fi agbára yẹn jẹ ìránṣẹ́ níyà, yóò fi jẹ ìyàwó níyà. Bó bá ń káwọ́ ara rẹ̀ kò lójú ìránṣẹ́, ó lè káwọ́ ara rẹ̀ kò lójú ìyàwó. Nítorí náà, nínú gbogbo ẹni tó sọ̀rọ̀ nípa Darcy nínú ìwé yẹn, Màmá Reynolds ni ẹ̀rí rẹ̀ wúlò jù fún ọmọbìnrin tó ń rò ó bóyá kí òun fẹ́ ẹ. Lydia, àbúrò Elizabeth, tí kò bi ẹnikẹ́ni, Wickham ló bá lọ ní ọmọ ọdún 16. Owó Darcy ni wọ́n fi san gbèsè Wickham kó tó gbà láti fẹ́ ẹ, wọn kò sì lè tú u mọ́.

Lẹ́tà tó dá ìgbéyàwó dúró

Jane Eyre kò ní ìyá, kò ní bàbá. Olùkọ́ inú ilé ni, £30 lọ́dún ni wọ́n ń san fún un. Rochester, ọ̀gá rẹ̀, fẹ́ràn rẹ̀, òun náà fẹ́ràn Rochester. Ẹ̀fín ń rú lójoojúmọ́ nínú ilé yẹn: ẹ̀rín abàmì lókè àjà, iná lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀jẹ̀ lóru. Gbogbo ìgbà tó bá béèrè ni Rochester ń parọ́ fún un.

Ohun tí mi ò rí nígbà àkọ́kọ́ tí mo kà á nìyí. Nígbà tí ìgbéyàwó ku oṣù kan, Rochester mú Jane lọ ra aṣọ ṣẹ́dà àti ohun ọ̀ṣọ́. Ara Jane kò gbà á. Ó rò ó pé ìbá dára kí òun ní owó tòun, bó ti wù kó kéré, ju kí òun máa dúró bí ọmọ láńgidi kí wọ́n máa wọ aṣọ fún òun. Ó kọ lẹ́tà sí àbúrò bàbá rẹ̀ ní erékùṣù Madeira, pé òun fẹ́ lọ́kọ. Lẹ́tà náà dé nígbà tí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Mason wà lọ́dọ̀ bàbá náà. Mason sì mọ̀ pé Rochester ti níyàwó, torí ẹ̀gbọ́n òun ni. Bí lọ́yà ṣe dìde nínú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìgbéyàwó nìyẹn.

Ṣé ẹ rí i? Lẹ́tà tó kọ torí àtiní owó ara rẹ̀ ló di alárinà rẹ̀. Ká ní ó gba ṣẹ́dà, kó dákẹ́, ìbá ti wọlé tán kí ilẹ̀kùn tó tì. Rochester bẹ̀ ẹ́ pé kí àwọn jọ máa gbé bẹ́ẹ̀. Jane fẹ́ràn rẹ̀, ó sì lọ, pẹ̀lú ṣílè 20 péré lápò. Ó tọrọ oúnjẹ kó tó rí ẹni gbà á sílé. Nígbà tó jogún £20,000 lọ́wọ́ àbúrò bàbá rẹ̀ yẹn, ó pín in sí mẹ́rin pẹ̀lú àwọn ìbátan rẹ̀. Ìgbà tó lówó tirẹ̀, tó sì gbọ́ pé Rochester fi ojú àti ọwọ́ kan gbèsè níbi tó ti ń gbìyànjú láti yọ ìyàwó rẹ̀ nínú iná, ló tó fẹ́ ẹ.

Ìyàwó yẹn ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká má gbójú fò ó. Bertha Mason, ọmọ Spanish Town ní Jàmáíkà, ọmọ olóko àti oníṣòwò ní ilẹ̀ tí wọ́n ti fi ẹrú ṣoko. Bàbá Rochester ló lọ wá a fún ọmọ rẹ̀ nítorí £30,000. Wọ́n wádìí iye owó, wọn kò wádìí nǹkan mìíràn. Ta ló bá Bertha wádìí Rochester? Kò sẹ́ni. Owó rẹ̀ di ti ọkọ, òun fúnra rẹ̀ di ẹni àtìmọ́lé lókè àjà, ìwé náà kò sì jẹ́ kó sọ gbólóhùn kan fúnra rẹ̀. 1966 ni Jean Rhys, ọmọ Dòmíníkà, tó kọ Wide Sargasso Sea, níbi tí obìnrin náà ti rí ẹnu sọ tirẹ̀. Ẹni tó bá ka Jane Eyre kó ka ìyẹn náà.

Ohun tí Charlotte fúnra rẹ̀ ṣe

Charlotte Brontë kò fẹ́ràn ìwé Jane Austen. Ó ka Pride and Prejudice ní 1848, ó sì kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ kan pé ó rí tónítóní ju bó ṣe yẹ lọ, bí ọgbà tí wọ́n ṣọgbà yí ká. Kò mọ̀ pé òun ṣì máa pàdé Màmá Reynolds tòun.

Ní oṣù kejìlá 1852, Arthur Bell Nicholls, igbákejì bàbá rẹ̀ ní ìjọ Haworth, ní òun fẹ́ ẹ. Bàbá fárígá: ọkùnrin yìí kò lówó, ọmọ òun sì ti di òǹkọ̀wé olókìkí. Nicholls kúrò ní ìlú. Charlotte kò kánjú. Ìgbà tó yá, ó gbà, bàbá náà gbà tìkanra-tìkanra. Ṣùgbọ́n ní 1854, kí wọ́n tó ṣègbéyàwó, Charlotte ṣe ìwé àdéhùn: owó tó ti fi ìwé pa wà ní ìkáwọ́ alágbàtọ́, ọkọ kò ní fọwọ́ kàn án, bí òun bá sì kú láìbímọ, bàbá òun ni yóò jogún rẹ̀. Nicholls fọwọ́ sí i láìjiyàn. Wọ́n ṣègbéyàwó ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà 1854. Bàbá kọ̀, kò tẹ̀ lé wọn dé ṣọ́ọ̀ṣì.

Ìyàwó bá ọkọ rẹ̀ lọ sí Ireland, ilẹ̀ ọkọ, ní Banagher. Ibẹ̀ ni àwọn ìránṣẹ́ àtijọ́ ti ẹbí Nicholls ti sọ fún un pé oríire ló ṣe, pé ọ̀kan nínú àwọn ọmọlúàbí tó dára jù ní ilẹ̀ náà ló fẹ́. Ó kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé ó dùn mọ́ òun. Nígbà tí mo ka èyí, mo pariwo, ẹni tí a jọ ń gbé yàrá rò pé ejò ni mo rí.

Nígbà tó di oṣù kejì 1855, Charlotte ń ṣàìsàn gidigidi. Ó ṣe wíìlì. Gbogbo ohun tó ní ló fi sílẹ̀ fún Nicholls. Ìwé àdéhùn tó ṣe kó tó mọ ìwà ọkọ rẹ̀ dájú, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí i padà lẹ́yìn tó ti bá a gbé oṣù méje àti ààbọ̀. Ó kú ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta. Nicholls kò kó ẹrù rẹ̀ lọ. Ó dúró ní Haworth, ó ń tọ́jú bàbá àgbà tó lé e dànù yẹn, fún ọdún mẹ́fà, títí bàbá náà fi kú ní 1861.

Ẹ̀gbọ́n mi ti ń ṣiṣẹ́ padà báyìí, káàdì rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fi ìwé méjèèjì ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀, torí wọ́n wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ní òun ti dé ibi lẹ́tà Darcy. Ó bi mí pé, "Ká ní a bi àwọn tó ń ṣọ́ géètì ilé rẹ̀ nígbà yẹn, ṣé wọn ò ní sọ fún wa?" Mi ò mọ ohun tí mo lè fi dá a lóhùn.

Èmi náà, ẹ má tíì tú àṣírí mi o, ẹnì kan ń bá mi sọ̀rọ̀. Ẹnu tirẹ̀ náà dùn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ jẹun lọ́dọ̀ ìyá tó ń ta ìrẹsì lẹ́yìn họ́sítẹ́ẹ̀lì àwọn ọkùnrin, mo sì dọ́gbọ́n béèrè bóyá wọ́n mọ̀ ọ́n. Màmá wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Èyí tó pupa yẹn? Ó jẹ mí lówó. Ṣùgbọ́n bọ́jọ́ tó dá bá pé tí kò sí, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń wá bá mi, kì í gba ọ̀nà ẹ̀yìn. Ó sì máa ń kí ọmọ tó ń bá mi fọ abọ́."

Mi ò tíì fún un lésì. Mo ṣì ń wádìí.